Ìlà Kan Ṣoṣo

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, nílùú Iléṣà,
páànù rẹ̀ ń ké bí oòrùn bá ti kan àtàrí.
Mẹ́sàn-án ni wá. Nọ́ọ̀sì Fámúrewá kò kọ nǹkan kan sójú pátákó.
Ó gbé àga méjì kojú síra wọn,
ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé bíi ti arúgbó,
ó ní, "Èmi ni ìyá kan láti Ìjòkà. N kò mọ̀wé.
Ẹ wá gbàṣẹ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbẹ̀jẹ̀ mi."

Bísíríyù ló kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀.
Ó ka ìwé náà bí ẹni ń ka ìròyìn,
ojú ewé mẹ́rin, kò mí.
"Màmá, ṣé ó yé yín?"
"Ó yé mi, ọmọ mi. Ẹ̀yin dókítà lẹ kúkú mọ̀ ọ́n."
Ó ti ń ṣí agolo yíǹkì fún ìtẹ̀ka
nígbà tí màmá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn:
"Kí ni mo ní ó yé mi?"
Bísíríyù wo òrùlé.
"'Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n' kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni.
Ojútì ni. Ẹ̀kọ́ ilé ni.
Ẹ ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ rò ó fún yín
bí yóò ṣe rò ó fún ọmọ rẹ̀ lálẹ́.
Bí kò bá rí i rò, ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀ ọ́n sọ."

A pe plàsíbò, pè é, títí ó fi ń dún bí orúkọ ìlú.
Ó ní ká wá a ní Yorùbá.
Ọlátúndùn ní, "Oògùn ẹ̀tàn."
"Ta ni yóò la ẹnu gba ẹ̀tàn?"
Ó tó ìdajì wákàtí kí ó tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀:
hóró tó jọ oògùn, tí kò ní oògùn nínú,
àwa tí à ń pín in pàápàá kò mọ èwo lèwo.
"Ó gùn," ni mo wí.
"Ó gùn. Gígùn bẹ́ẹ̀ náà ni kí o sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kẹta, ó ní ká wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ara wa lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹ̀ẹ̀kan ni mo wọ̀n.
Mo fi méjì lé e, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí èkejì,
nọ́ńbà tó lẹ́wà, tó ṣeé gbàgbọ́.
Ó wò ó. Ó bi mí pé aago mélòó ni.
Mo ti ń na ọwọ́ sí ẹfun tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́.
"Rárá. Fa ìlà kan ṣoṣo lé e,
kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.
Kọ orúkọ rẹ. Kọ déètì. Kọ ìdí."
Mo kọ ọ́: N kò wọ̀n ọ́n.
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, bíró wúwo bí ọmọ odó.

Bàbá bàbá mi fi aṣọ tàwìn káàkiri títí dé Ìlọrin.
Òṣómàálò ni.
Ẹnu ọ̀nà onígbèsè ló ń lóṣòó sí,
oòrùn á pa á, kò ní dìde, àfi tó bá gbowó rẹ̀.
Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bèèrè
ohun tí à á ṣe fún ẹni tí kò bá padà wá,
mo ní, "Màá lóṣòó tì í."
Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn.
"Ọmọ Ìjẹ̀ṣà! Ta ló jẹ ọ́ ní gbèsè?
Ẹni tó bá ní òun ò ṣe mọ́,
dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nu orúnkún rẹ, kí o máa lọ."

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ìjòkà gan-an ni wọ́n rán mi.
Ìyá Aróyèhún ń pa ẹ̀pà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Mo rò ó, òun náà rò ó padà fún mi:
"Ẹ̀jẹ̀ ṣíbí kan. Hóró tó lè jẹ́ nǹkan, tó lè má jẹ́.
Ìgbàkígbà tó bá sú mi, mo lè dìde."
Kò fo ibì kankan. Inú mi dùn.
Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò nítan.
"Ó yé mi yékéyéké, ọmọ mi. N kò ṣe."

Ó bu ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi.
Mo ṣí ìwé lórí orúnkún mi, mo kọ ọ́:
Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje. Rárá.